Bí Àwọn Akọni Eré Ìdárayá Ṣe Ń Múra, àti Bí Àwa Ará Jíìmù Ṣe Ń Ṣe Tiwa

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jíìmù àti àwọn kóòṣì ní Súrùlérè, ní Èkó)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin kóòṣì, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá síbí lẹ́yìn tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti fojú yín rí màbo, mo kí yín, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn akọni tó lè gbé irin, tó lè sáré ọ̀nà jíjìn, tó lè lúwẹ̀ẹ́, tó sì tún lè fi ọwọ́ rìn, àti àwa tí a ń sanwó oṣooṣù ní jíìmù àdúgbò. Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn ni pé àwọn akọni wọ̀nyí ń jìyà jù wá lọ. Mo fẹ́ kí ó yé yín pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé èrò yẹn gan-an ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa léṣe. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju bí tiwa ṣe rọ̀ wá lọ́rùn lọ. Ibi tí wọ́n ti tayọ wa ni ètò, ìsinmi, àti ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Fóònù ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Ohun tí a ń rí níbẹ̀ ni ìṣẹ́jú kan tí akọni kan gbé irin tí kò gbé rí, tàbí ìgbà tó nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́yìn ìdíje. Kò sí ẹni tí yóò jókòó wo fídíò wákàtí kan tí ènìyàn fi ń wa kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan, tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, tí òógùn rẹ̀ kò sì tíì tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, irú wákàtí yẹn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo ní lọ́kàn. Ní ọdún 2007, ní oko ẹran ọ̀sìn kan ní Aromas, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń pè ní CrossFit Games. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí ìdíje mìíràn ni pé àwọn olùdíje kì í sábà mọ gbogbo ohun tí wọn yóò bá pàdé níbẹ̀. Wọ́n lè ní kí wọ́n sáré ọ̀nà jíjìn lónìí, kí wọ́n gbé irin tó wúwo jù lọ tí agbára wọn ká lọ́la, kí wọ́n sì gun okùn tàbí kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀túnla. Rich Froning gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin láti 2011 títí dé 2014. Mat Fraser gbà á ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún léra, láti 2016 dé 2020. Láàárín àwọn obìnrin, Tia-Clair Toomey, ọmọ orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, gbà á lọ́dọọdún láti 2017 dé 2022, ó lọ bímọ, ó sì tún padà wá gbà á ní 2024 àti ní 2025.

Kí ẹ lè mọ bí obìnrin yìí ṣe lágbára tó, ẹ jẹ́ kí á fi í wé ọmọ tiwa. Ní Birmingham ní ọdún 2022, Adijat Ọlárìnóyè gba wúrà fún Nàìjíríà nínú gbígbé irin ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ní ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí wọn kò wúwo ju kílò 55 lọ, àpapọ̀ irin tó gbé sì jẹ́ kílò 203. Ní ìdíje kan náà ní Gold Coast ní 2018, Toomey gba wúrà ní ìsọ̀rí kílò 58, àpapọ̀ tirẹ̀ sì jẹ́ kílò 201. Ọlárìnóyè kò wúwo tó o, síbẹ̀ ó gbé jù ú lọ, nítorí pé ẹni tó gbájú mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Toomey tí a ń wí yìí, lọ́dún 2018 yẹn kan náà, tún lọ gba ipò kìíní nínú CrossFit Games, níbi tí eré sísá, omi àti okùn ti ń dúró dè é.

Ẹni tí iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ bá pọ̀ tó báyìí kò lè máa lo ara rẹ̀ tán lójoojúmọ́. Òótọ́ ni pé wákàtí tí wọ́n ń lò pọ̀. Kí ènìyàn ṣe ìgbaradì ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wákàtí púpọ̀ àti àṣekúdórógbó kì í gbé pọ̀. Stephen Seiler, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní fásitì kan ní Norway, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ìgbaradì àwọn asáré, àwọn atukọ̀ àti àwọn tó ń fi igi rìn lórí yìnyín wò. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgbaradì àwọn tó mókè jù lọ nínú wọn ló jẹ́ iṣẹ́ wẹ́rẹ́, èyí tí ènìyàn lè máa ṣe kó sì sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ìdá kan tó kù ni iṣẹ́ tó le. Eré tó jẹ mọ́ irin gbígbé kò rí bákan náà pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn akọni tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn mú ọgbọ́n yìí wọ inú iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé irin tó wúwo jù lọ tí wọ́n lè gbé kò pọ̀ lọ́dún. Lọ́jọ́ yòókù, wọ́n ń fi irin tí wọ́n kápá dáadáa kọ́ ara wọn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ọkàn á máa kọ́ bí yóò ṣe tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á máa pọ̀ sí i nínú ẹran ara, àwọn ohun tíntìntín tó ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí sínú sọ oúnjẹ di agbára náà á sì máa pọ̀ sí i. Kò sí èyí tó béèrè pé kí ènìyàn kú tán nínú gbogbo wọn. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ní àǹfààní tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ pọ̀: ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ara tó bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́ kò ní rí ọjọ́ tí ara rẹ̀ jí pépé, kò sì ní lè gbé irin tó yẹ kó gbé lọ́jọ́ tó yẹ kó gbé e.

Ẹ wá wo tiwa. Aago méje alẹ́ ni, ní orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Súrùlérè níbí. Jẹnẹrétọ̀ ń ké nísàlẹ̀, fáànù ń pín ooru kiri, orin ń dún tí a kò fi gbọ́ ohun tí kóòṣì ń wí. Iṣẹ́ alẹ́ ti wà lára pátákó, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ wo ọkùnrin tó dúró nídìí irin yẹn. Kí irin tó kúrò nílẹ̀ rárá ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti gbéra, apá rẹ̀ ti ká kó tó di pé itan rẹ̀ parí iṣẹ́ tirẹ̀, irin sì ń jìnnà sí ara rẹ̀ bó ti ń gòkè. Ó rí i gbé ṣá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì fi kílò mẹ́wàá lé e. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Á kọ́kọ́ mú irin òfìfo, tí kò ju kílò 20 lọ fún ọkùnrin àti 15 fún obìnrin, á sì máa gbé e wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, á dúró ní orúnkún, á dúró ní itan, á wo ibi tí ìwúwo rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó tó máa fi irin pẹlẹbẹ kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti gba wúrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìgbé kan bá sì ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á dín ìwúwo kù tàbí kó dáwọ́ dúró, nítorí ó mọ̀ pé àṣìṣe tí ara bá ṣe ní àṣetúnṣe náà ni ara ń kọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àpẹẹrẹ kan, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ará CrossFit sọ lórúkọ obìnrin, Fran ni wọ́n ń pè é. Ìwọ yóò gbé irin sí èjìká, wàá lóṣòó, bí o bá sì ti ń dìde wàá tì í sókè orí, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn náà wàá rọ̀ mọ́ irin òkè, wàá fa ara rẹ sókè ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún. Wàá padà ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún méjèèjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Irin ọkùnrin jẹ́ nǹkan bíi kílò 43, ti obìnrin bíi 30. Àwọn akọni ń parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀. Wọn kì í sọ irin kalẹ̀. Eré àsápajúdé ni lójú tiwọn, apá ńlá nínú agbára tí ara wọn sì ń lò ló ti wà nílẹ̀ nínú iṣan, tí kò dúró de afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ báńkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá gbé kílò 43 yẹn gan-an, á gbé e ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, á sọ ọ́ kalẹ̀, á gbọ́wọ́ lé orúnkún, á mumi, á tún gbé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ara rí gbà yàtọ̀ pátápátá. Bí a bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ báńkì yìí jẹ àǹfààní tí Fran wà fún, ẹ jẹ́ kó gbé kílò 20, kó so rọ́bà mọ́ irin òkè kí ó ràn án lọ́wọ́ láti fa ara rẹ̀, kó sì parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó pé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Èkó ti wọlé. A kò fẹ́ kí wọ́n bá irin kékeré lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ọ̀fíìsì ń dọ̀bálẹ̀ kí, ṣé òun ni wọn yóò bá pẹ̀lú rọ́bà? Ẹ̀yin kóòṣì náà kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Bí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dín irin kù, àwọn yòókù á dín in kù. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó wúwo jù nìkan lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹ ó máa rí ẹ̀yìn tó ń dunni.

Ìyàtọ̀ mìíràn ni ti ohun tí ènìyàn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mat Fraser ti jẹ́ agbé-irin láti ìgbà èwe rẹ̀, irin kò sì jẹ́ nǹkan lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ipò kejì ló ṣe ní 2014, ipò kejì náà ló tún ṣe ní 2015, lẹ́yìn tó ti wà níwájú tẹ́lẹ̀ kí Ben Smith tó já a gbà. Kò lọ fi ọdún tó tẹ̀ lé e gbé irin sí i. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi í sílẹ̀ ló lọ tọ́jú, pàápàá eré sísá àti ọkọ̀ títù, títí tí kò fi sí ibi tí wọ́n ti lè rí i mú mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ àyà, kò sì sí jíìmù tí ibi àyà ti ń ṣófo lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní àyà akọ màlúù lórí ẹsẹ̀ lékeléke. Ohun tó rọ̀ wá lọ́rùn là ń ṣe, nítorí ó ń dùn mọ́ wa, ó sì ń dára lójú dígí.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti oorun àti oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà wa ti jìn jù sí tiwọn. Àwọn akọni yìí ti to ìgbésí ayé wọn yí ìgbaradì ká. Wọ́n ń sùn dáadáa lóru, ọ̀pọ̀ wọn ń rẹjú lọ́sàn-án, ẹni tó ń bá wọn dárí ètò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina ti jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Ó ti jókòó sínú ooru lórí afárá Third Mainland, ó ti gba ariwo ọ̀gá mọ́ra, ó ti tún wọ bọ́ọ̀sì padà, kó tó dé jíìmù ní alẹ́. Ara kò ní ìwé méjì, pé ọ̀kan fún wàhálà ọ̀nà, ọ̀kan fún wàhálà irin. Inú ẹyọ kan náà ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó bá sùn fún wákàtí márùn-ún tó wá lọ ṣe ohun tí Toomey ṣe, kò ṣe ohun tí Toomey ṣe. Lójú tèmi, bí oorun àná kò bá tó, kí ènìyàn rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó sì lọ sùn sàn ju kó lọ bá wọn fò sókè fò sílẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án.

Ní ti oúnjẹ, àwọn onímọ̀ gbà pé ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá dáadáa nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.4 sí 2.0 purotéènì lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wúwo. Fún ẹni tó jẹ́ kílò 70, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 98 sí 140. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, adìẹ, gbogbo wọn ló wà lọ́jà Tejúoṣó, kò dìgbà tí a bá ra ìyẹ̀fun olówó gọbọi nínú ike ńlá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ kò ṣeé gbára lé: purotéènì inú rẹ̀ kò pé, kò ní gbogbo èròjà tí iṣan fi ń tún ara rẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ ẹ́ tí ó bá wù yín, ẹ má kàn kà á mọ́ ẹran.

Ọ̀rọ̀ ewu kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní rhabdomyolysis, níbi tí iṣan tó ṣiṣẹ́ jù ti máa ń fọ́, tí ohun inú rẹ̀ á sì dà sínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò máa pa kíndìnrín lára. Iṣan á wú, á le, ìrora rẹ̀ á ju ti ìnira lásán lọ, ìtọ̀ á sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹni tó bá rí èyí, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má ṣe dúró de àgbo. Àwọn tó ń kó sínú rẹ̀ jù ni ẹni tuntun àti ẹni tó ti sinmi fún oṣù bíi mélòó kan tó wá padà bí ẹni pé kò lọ rárá. Iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Murph ní kí ènìyàn sá máìlì kan, kó fa ara rẹ̀ sókè ní ìgbà 100, kó ṣe pírẹ́ẹ̀sì-ọ́ọ̀pù 200, kó lóṣòó ní ìgbà 300, kó tún sá máìlì kan, kó sì wọ ẹ̀wù oníwúwo bí ó bá lè ṣe é. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń gbé e fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ooru ìlú wa náà ń kún un. Òógùn tó ń gbẹ ló ń tu ara; ní Èkó tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, ńṣe ló ń ṣàn lọ láìgbẹ, ara sì ń gbóná sí i. Ó máa ń gba ara ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ooru tó mọ́ ọn lára, nítorí náà ẹni tó ti òkè òkun dé lóṣù kejìlá kò gbọ́dọ̀ bá wa sáré lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì rò pé agbára lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní Fort Worth ní Texas, Lazar Đukić, ọmọ Serbia tó wà lára àwọn tó mókè jù lágbàáyé, kú sínú omi nígbà ìdíje CrossFit Games, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sáré kí wọ́n tó kó sómi. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí àwọn kan ń sọ pé àwọn fẹ́ sáré létí òkun kí àwọn sì bọ́ sínú ìgbì.

Kí wá ni ẹni tó ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ yóò ṣe? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe iṣẹ́ ìdárayá tó mọ níwọ̀n, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán kọ́ iṣan rẹ̀. Ọjọ́ méjì yẹn ni mo máa fi sí irin: kí ènìyàn lóṣòó, kó gbé nǹkan láti ilẹ̀, kó tì sókè, kó fà sọ́dọ̀, kó máa dáwọ́ dúró nígbà tó bá ku ìgbé méjì kó má lè ṣe é mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ tó gbóná, tí kò sì gùn. Ìyókù jẹ́ ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí eré wẹ́rẹ́ ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, yálà ní àyíká pápá ìṣeré National Stadium níbí tàbí lórí afárá Lẹkki sí Ìkòyí tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìlàjì fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn akọni ń ṣe èyí lóòrèkóòrè, àwa ni a ń pè é ní ìmẹ́lẹ́.

Nígbà tí a ṣí àyè ìbéèrè sílẹ̀, màmá kan tó lé ní ọgọ́ta ọdún béèrè pé ṣé kí òun náà máa gbé irin. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ jẹ́ kí dókítà yín wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín ná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àga: ẹ jókòó, ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, títí tí yóò fi rọrùn, lẹ́yìn náà ẹ gbé gálọ́ọ̀nù omi kékeré dání. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa fi kọ́ agbára àti ìdúróṣinṣin ẹsẹ̀, nítorí ìṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà dìde, ó ní òun fẹ́ lọ díje lókè òkun, ó sì béèrè iye wákàtí tí òun yóò máa lò lójúmọ́. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ wákàtí sílẹ̀ ná, kó lọ bá àwọn agbé-irin ní Stadium, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ ọ ní bí a ṣe ń gbé irin òfìfo, kó sì wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní omi lílúwẹ̀ẹ́, nítorí ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rárá.